Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Lè Pè

"Wọ́n tún ti dá a padà láti Ìnísà o." Àlàájì Rájí, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìnísà ní Okota, ti fọ́ọ̀mù náà sí iwájú Fàósátù.

Ó ti sú Fàósátù pátápátá. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí, àlejò ni wọ́n sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Ó dé Èkó, wọ́n ní àjòjì ni. Ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ sì ti sọ pé bí kò bá mú ìwé ọmọ onílùú wá lọ́jọ́ Ajé, àwọn á fi ẹlòmíràn sí i. Ẹni tó sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i nílé ní Ìnísà, kó tó rí ìwé náà gbà, ni àbúrò bàbá àgbà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n sọ lọ́tẹ̀ yìí?"

"Wọ́n ní àwọn ò mọ Agúntáṣọ́ọ́lò tí ò ń wí. Ta ló fún ọ lórúkọ yìí?"

"Ìyá àgbà wa ni. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ tí ìyàwó fi ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Agboolé wo ni kò ti sí Agúntáṣọ́ọ́lò? Lọ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an."

Ẹ̀rín ò pa Fàósátù. Tìbínútìbínú ló fi dé ilé ní Ṣógúnlé, ó sì bá Ìyá àgbà lórí ẹní ìrun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá àgbà, kí lorúkọ Agúntáṣọ́ọ́lò?"

"Agúntáṣọ́ọ́lò náà ni."

"Èyí tí wọ́n sọ ọ́ ni mò ń bèèrè."

Ìyá àgbà mi orí. "Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, òun ló gbé omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ mi wá. Ọmọdé ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni. Ọgọ́ta ọdún rèé, n ò pè é lórúkọ rí."

"Bàbá àgbà ti kú, ìyá. Ta ló máa bá yín wí?"

"Èmi náà ni."

"Iṣẹ́ mi ti fẹ́ lọ." Ohùn Fàósátù ti lọ sókè, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́ mọ́. "A ò sí lára tibẹ̀, a ò sí lára tibí, orúkọ tó máa gbà mí sì wà lẹ́nu yín."

Ìyá àgbà ka tẹ̀sùbáà náà tán kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Aago mélòó ni ọkọ̀ tó ń lọ sọ́hùn-ún máa ń gbéra l'Óṣòdì láàárọ̀?"

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹnu. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé, màá pe Agúntáṣọ́ọ́lò. Bó bá ṣì wà láyé, á mọ ohùn mi. Ẹni tó bá dá mi lóhùn, kí o bi í lórúkọ."

Fàósátù wo fọ́ọ̀mù náà títí. Ó fi bíró fa ìlà sórí Agúntáṣọ́ọ́lò, kò kọ nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ó ká a sínú báàgì, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá bàtà Ìyá àgbà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.