Fèrèsé Tó Ṣi Orúkọ Kà

"Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́!" Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn nàka sí kọ̀ǹpútà tuntun tó wà ní yàrá àkọsílẹ̀. "Ẹ̀dà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ká dá padà. Àtìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti dé ìdí ẹ̀rọ yìí ni nǹkan ti dàrú."

Nínú fèrèsé dúdú tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, èyí tí wọ́n fi ń wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, agbára káká ni orúkọ kan fi ṣeé kà. Àmì owó, ìlà wíwọ́ àti àpótí kéékèèké ti há sáàárín àwọn lẹ́tà. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ márùn-ún lọ nìyẹn, iṣẹ́ ọmọbìnrin náà á sì bá a lọ. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí wọ́n gbà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ọmọbìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dáwọ́ dúró. Òun ló bí ọmọbìnrin náà. Òun náà ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa fojú agbálẹ̀ wo ọmọ òun. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ká má tíì wá sọ ti ìyá ọmọ gan-an.

"Ẹ má bínú sà," ló wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu yàrá oògùn tán ni. Àwọn orúkọ yìí kan náà wà lójú kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n sì mọ́ gaara."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ kọ̀ǹpútà ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n sà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà."

Ojú ọmọbìnrin náà là. "A jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ò bàjẹ́! Fèrèsé tibí ló ń ṣì í kà."

Ó ṣí ibi ààtò fèrèsé náà. Àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà náà wá lọ́jọ́ Ajé ti yan irú lẹ́tà àtijọ́ fún un, kò sì bá ti àkọsílẹ̀ mu. Ó yan èyí tó tọ́, ó ti fèrèsé náà, ó tún un ṣí. Gbogbo jágbajàgba pòórá, orúkọ àwọn ọmọ sì tò wálẹ̀ láìlábàwọ́n.

Ọ̀gá àgbà wúkọ́. "Mo kánjú. Má bínú." Ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ta ló tiẹ̀ bí irú ọmọ báyìí?"

Ọmọbìnrin náà pa ẹnu mọ́ bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe jọ ṣàdéhùn. Àmọ́ orí ìyá rẹ̀ ti wú, inú ẹni kì í sì í dùn ká pa á mọ́ra. Ó fi ọ̀pá ìnulẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wọlé.

"Èmi ni sà," ló wí. "Èmi ni mo bí i."