Ọjọ́ Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Nígbà tí Hameedah wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àrùn arọmọléegun dá a wó ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ Nàfísátù ìyá rẹ̀. Làtíìfù, ọkọ Nàfísátù, ti pín ara rẹ̀ sí méjì: ọjọ́ mẹ́ta ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ Nàfísátù, ọjọ́ mẹ́ta ní Sydenham lọ́dọ̀ Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó kékeré, kí ó sì lo ọjọ́ keje níbi tó bá wù ú. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe ní kí ọkùnrin ṣe déédéé láàárín ìyàwó nìyẹn. Ó mú un le débi pé, bí Nàfísátù bá ń bu ọbẹ̀ sáwo lọ́wọ́ tí àkókò Sydenham bá tó, bàtà ni yóò máa wá kiri.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ há. Nàfísátù pe áńbúláǹsì, wọ́n ní kí ó máa retí. Ó pe ilé Sydenham. Abọ́sẹ̀dé ló gbé fóònù.

Nàfísátù ní, “Bá mi sọ fún Àlàájì kí wọ́n gbé mọ́tò wá. Ọmọ wọn ń kú lọ.”

Abọ́sẹ̀dé ní òun ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò wá. Lífítì ilé kánsù tí wọ́n ń gbé ti bàjẹ́, ni Nàfísátù bá pọn ọmọ, ó fi oyún oṣù márùn-ún sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń wá ọkọ̀ lọ sí etí títì. Ọmọ ẹ̀yìn yè. Ti inú kò dúró.

Nígbà tí ọjọ́ Peckham pé, Làtíìfù wọlé, ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún òun. Nàfísátù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ àsáláátù wọn ní Old Kent Road. Wọ́n pe Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé wolẹ̀, ó ní fóònù kankan kò dún nílé òun.

Làtíìfù bá ní, “Ṣé ẹ ti gbọ́? Owú ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Àwọn àgbà ní kí Nàfísátù tọrọ àforíjì. Kò tọrọ ọ́. Ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ sílé.

Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nàfísátù kò bá Abọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu ní Rye Lane, á sọdá sí òdìkejì títì. Ìyá Abọ́sẹ̀dé kú, kò kí i kú àfẹ́kù. Àwọn kan bi í pé kí ló dé tí kò fi kọ ọkọ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá kó jáde báyìí, òpùrọ́ ni òun á máa jẹ́ lẹ́nu wọn títí láé. Ó dúró kí ó lè gbọ́ òtítọ́ létí ara rẹ̀.

Òtítọ́ kò dé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dé. Apá ọ̀tún Làtíìfù kú, ẹnu rẹ̀ yẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kò yẹ̀. Basit, ọmọ Abọ́sẹ̀dé, ló ń fi mọ́tò gbé e lọ, tó sì ń gbé e bọ̀, kí ìyálé àti ìyàwó má bàa fojú kan ara wọn. Nàfísátù ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà lórí ibùsùn, ó ń fi ṣíbí fún un lógì mu. Ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ ń dùn ún, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àrùn Hameedah tún dìde. Ó ti di ọmọge, ó ń lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ká kò lórí bẹ́ẹ̀dì bíi ti ìgbà èwe.

“Mummy, it's bad. Ó ti dé ẹ̀yìn mi.”

“Mo ti pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní àwọn ti wà lọ́nà.”

“Ẹ máa tẹ̀lé mi, àbí?”

Nàfísátù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Làtíìfù wà lórí àga ní pálọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Omi ló fẹ́, tàbí kí ó tọ̀. Kẹ́rà, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó yẹ kó wá ràn án lọ́wọ́, ti fi fóònù ránṣẹ́ pé ara òun kò yá.

“Ta ni yóò jókòó ti bàbá rẹ?”

“Mummy, mo dá lọ sí ọsibítù nígbà tó kọjá. Wọ́n ní kí n fún ìrora mi ní nọ́ńbà. Mo ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì yẹn ní ẹni tó bá wà ní mẹ́sàn-án kò lè máa tẹ fóònù. Wọ́n rò pé mo kàn fẹ́ gba oògùn ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Tí ẹ bá wà níbẹ̀, wọ́n máa gbà mí gbọ́. Ẹ pe Aunty Sydenham.”

“Mi ò lè pè é.”

“Mummy, please.”

“Mo ti pè é rí.”

Hameedah fi eyín di ìrọ̀rí mú, ó sì pa igbe náà mọ́ inú rẹ̀. Pípa tó pa á mọ́ yẹn ni Nàfísátù kò lè fara dà. Ó gbé fóònù. Bí ó ti ń dún, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Ara Hameedah kò yá. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mi ni. Wá bá mi jókòó ti Àlàájì.”

Abọ́sẹ̀dé ní, “Mò ń bọ̀.”

Nàfísátù gbé fóònù sílẹ̀. “Ó ní òun ń bọ̀. Ká máa wò ó.”

Áńbúláǹsì ló kọ́kọ́ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá lọ́dọ̀ Hameedah nígbà tí Abọ́sẹ̀dé kan ilẹ̀kùn. Sílípáàsì inú ilé ló wọ̀ wá, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Nàfísátù kò mọ̀ pé Abọ́sẹ̀dé náà ti ń darúgbó.

“Ẹ káàsán, Ìyá Hameedah.”

“O wá.”

“Mo wá, mà.”

“Àṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń wá tí wọ́n bá pè ọ́.”

Abọ́sẹ̀dé fi aṣọ nu itọ́ lẹ́nu Làtíìfù. “Ẹ bú mi, mà. Ó tọ́ sí mi.”

“Dúró ná, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Làtíìfù fi ẹnu tó yẹ̀ ní, “Ẹ má jà.”

“Ta ló ń jà? Ó ti rẹ̀ mí, Àlàájì.” Nàfísátù ń wá ìborùn rẹ̀ lábẹ́ tìmùtìmù. Lóòótọ́ ló rẹ̀ ẹ́. Ìjà tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, kò rí agbára tí yóò fi jà á.

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ wọn. “Àlàájì, ó ti tó gẹ́ẹ́. Mo ti bá yín rù ú títí ọrùn mi wọ̀. Ẹ sọ fún Ìyá Hameedah. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́.”

Làtíìfù yí ojú sí ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé Hameedah jáde nínú yàrá lórí àga onítáyà, wọ́n ní ṣé ìyá ti ṣetán. Nàfísátù ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

“Nàfísá.”

Ó wẹ̀yìn. Omi ń bọ́ lójú òsì ọkùnrin náà.

“Abọ́sẹ̀dé sọ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kì í ṣe ọjọ́ rẹ. Mo ní o fẹ́ fi ọmọ tàn mí wá ni. Nígbà tí oyún bàjẹ́, ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo ní kó sọ pé fóònù kò dún.”

Abọ́sẹ̀dé kò gbé orí sókè. Nàfísátù di ẹ̀yìn àga Hameedah mú, kí ẹnikẹ́ni má tíì tì í jáde.

“Mi ò gbọ́ dáadáa,” ó ní. “Ẹ tún un sọ. Ọmọ yín ni kí ẹ sọ ọ́ fún.”

Làtíìfù gbé ojú sókè wo Hameedah. 

“Ìyá rẹ pè wá. Mo gbọ́. Mi ò wá.”