Abẹ́ Àtíbàbà Ìyá Àbídì

Quixotic. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. Humairah... Humairah tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún odindi ọdún méjì, tó fi di akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè — òun ló fi bírò kọ ọ́ sí ìdí lẹ́tà mi: "The plan is quixotic." Háà!

Mo ká lẹ́tà náà mọ́ orí itan mi nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀ láti Àpòmù. Mo tún tú u. Bóyá mo ṣì í kà ni... Rárá o.

Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn! "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́, tó ń lé ohun tí ọwọ́ ò lè tẹ̀ láéláé." Mo ní kó fi ṣe gbólóhùn, ó ṣe é, mo pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣé èmi ló máa padà fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni mo tilẹ̀ sọ? Mo ní kí àwọn ìyá tó ń ta dòdò Ìkirè yé sáré tẹ̀ lé mọ́tò lójú títì. Mọ́tò ti gbá méjì nínú wọn lọ́dún yìí. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kí oníbàárà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Kí ẹgbẹ́ bá wa fi páànù bò ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Humairah ní, "Aúńtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yìn yín ni mo wà." Iyán mi ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́ o! Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu ọbẹ̀... Ó dùn mí wọra.

Ìyá Àbídì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá oní-dòdò yẹn, ò ṣe mí bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ti sá padà sójú títì láti ọjọ́ kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ àtíbàbà, Ìyá Àbídì nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. "Tíṣà, torí tiyín ni mo ṣe wà níbí o." Mo gbọ́, ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ ò já mi kulẹ̀.

Ìkirè rèé. Mọ́tò ń rọra lọ. Ebi ń pa mí, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀... Wọ́n ti ń sáré bọ̀ — "Dòdò rèé! Dòdò rèé!" — ọ̀kan ti dé fèrèsé mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo nawọ́ owó sí i, mo gba tèmi. Humairah, Ọlọ́run ń wò ọ́...

Mo gbójú sókè.

Ìyá Àbídì. Lábẹ́ àtíbàbà. Àwo wọn kún dẹ́múdẹ́mú, ẹnì kan ò sì sí níwájú wọn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. "Ó wà o" péré ni mo nílò láti sọ fún dírẹ́bà, kí n sọ̀ kalẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó sáré wá ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi. Èmi tí mo ní kí wọ́n má sáré.

Wọ́n rí mi. Wọ́n rí ọ̀rá dòdò lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe Humairah ló wà nínú mọ́tò yìí...

Mọ́tò tún ti ń lọ. Mo yí ọrùn padà. Ìyá Àbídì dìde, wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n gbé àwo, wọ́n kọrí sójú títì.