Wọ́n Fọ Èémí Kúrò Nínú Orin

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ má sọ pé mi ò kìlọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ti ń kọrin nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá nídìí orin lónìí kò tíì sí lóyún. Orin rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Amíkanlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò ní kọ ẹsẹ orin kan láì kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ sínú máìkì. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní ìgboro, wọ́n á bi yín bóyá oògùn ikọ́ ni.

Páálí àwo orin rẹ̀ kan ló kù lẹ́yìn ikú rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló wà. Ìyá mi ti darúgbó, kò sì ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún.

"Bá mi wá ilé fún ẹ̀gbọ́n mi kí n tó kú. Bí mo bá lọ tán, ẹ̀yin ọmọ yìí á máa gbé ìkòkò lé àwo yẹn lórí."

Kò purọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ti fi ọ̀kan dé garawa omi rí.

Mo kọ́kọ́ gbé páálí náà lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Ta ló ń béèrè rẹ̀?" Mo ní èmi ni mò ń béèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dúró díẹ̀ sí i, ǹ bá sọ ohun tí ìyá mi ò kọ́ mi.

Ilé àkójọ ohùn kan ló gbà á níkẹyìn. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tó mọ èèyàn-án kí dáadáa, ní àwọn máa gbé orin náà sórí kọ̀ǹpútà, àwọn á sì tọ́jú rẹ̀ títí láé. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé ká wá gbọ́.

Yàrá kékeré ni, fóòmù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀, páálí wa sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ tẹ nǹkan kan, orin bẹ̀rẹ̀. Ó mọ́ gaara, kò ha rárá. Inú mi dùn. Ìyá mi dorí kodò, ó ń gbọ́.

"Ta ló ń kọrin yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín mà ni, Mọ́mì."

"N ò mọ ẹni yìí. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń mí."

Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo èémí yẹn la ti fọ kúrò, Mà. Ariwo ni."

Ariwo! Ẹ bá mi gbọ́ o. Ariwo ló pè é!

Ìyá mi ò bínú, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù ni wọ́n máa ń mú òun jókòó sí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó ń ka ení, èjì fún wọn. Èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá ti fà á sínú, onígìtá á gbọ́wọ́ sókè. Bó bá ti lanu, gbogbo wọn á wọlé.

"Gbọ́ wọn báyìí, ọmọ mi," ó ní. "Ṣe ni wọ́n ń já wọlé bí ẹni tá ò pè."

Mo ní kí wọ́n dá èémí náà padà. Ọ̀gá ní ó dun òun, àmọ́ òfin ibẹ̀ nìyẹn: orin tí wọ́n bá fọ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n sì ń da àwo fúnra rẹ̀ nù torí àyè. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara da ariwo yẹn, Mà. Ẹ jẹ́ ká gbà á báyìí, kó má bàa parun."

Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Lọ́jọ́ yẹn, kí ẹyẹ máa fò lọ, èmi ṣáà ń ju òkò. Obìnrin tó fi ọ̀fun rẹ̀ dá wọn lára yá, wọ́n jó tán, wọ́n pa á tì. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ rántí rẹ̀, wọ́n ní kó má mí! Mo là á mọ́lẹ̀ fún wọn, ohùn mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jà ni ẹ̀rù ń bà mí, torí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ, ọjọ́ sì ti lọ lórí ìyá mi. Mo fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ká gbà bẹ́ẹ̀? Ó ṣáà sàn ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ."

Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú, ó fi dìde.

"Gbé páálí," ó ní. "Ilé tí wọn ò ti ní jẹ́ kéèyàn mí, ilé kọ́ nìyẹn, sàréè ni. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní ọ̀kan."