Ìbò Ẹ̀yìn Òkè

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni apoògùn wí. Ó ń to páálí oògùn sórí pẹpẹ, kò bojú wẹ̀yìn. “Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. “Bọ̀ọ̀dá mi, ìyàwó yín lẹ ń pè ní àjẹ́ yẹn?”

“N kò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Òwe ni mo pa. Ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́bọ̀, a pàdánù ìbò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwọ tí o kàwé, wá bá mi já a.”

Iṣẹ́ obìnrin náà gan-an nìyẹn. Ìwádìí lórí ìdìbò ló ń ṣe ní yunifásítì: kí ló mú kí ẹni yìí jáde lọ dìbò tí aládùúgbò rẹ̀ sì jókòó sílé, kí ló mú kí àwọn tó gbé olóṣèlú kan gẹ̀gẹ̀ lánàá kọ̀yìn sí i lónìí. Ìbéèrè ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí ìyàwó bọ̀ọ̀dá rẹ̀ wọlé wá, tí kò lè pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, Kílófàá ló sọ ọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, gbogbo ilé sì bá wọn pè é.

Ọ̀rọ̀ rédíò tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ á pè é ní ẹ̀fẹ̀. Ìyàwó apoògùn ní ilé búrẹ́dì, iṣẹ́ búrẹ́dì náà ni wọ́n sì ní kó wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìgbà tí ètò ń parí lọ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá bi í pé báwo ni ọkọ rẹ̀, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú tó sì tún fẹ́ padà síbẹ̀, ṣe ń ṣe nílé. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ìlú ló yẹ kí n bi. Ẹ ti máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀ tán kó tó wọlé, eegun lẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ṣe tèmi ni, ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ó sinmi lóòótọ́. Ìbò tó rí kò tó ìdajì èyí tó rí nígbà àkọ́kọ́. “Ẹ jẹ́ kó sinmi” wá di orin tí àwọn alátakò ń kọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá kí i, “hùn” ni. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, òun ti yó. Nígbà tí “hùn” sú obìnrin náà, ó di aṣọ díẹ̀, ó lọ ń gbé inú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì rẹ̀.

Kílófàá fa àga rẹ̀ sún mọ́ pẹpẹ. “Ẹ jẹ́ á fi àjẹ́ sílẹ̀. Òkè tó la ìlú wa yìí sí méjì, ṣé rédíò yẹn ń kọjá rẹ̀?”

“Kò kọjá. Ariwo ṣáá ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn òkè. Ta ni kò mọ̀?”

“Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó wa ló lé ìbò lọ, apá ibo ló yẹ kí ìbò yín ti já wálẹ̀ jù?”

“Iwájú òkè níbí, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ.”

“Ẹ̀yìn òkè ńkọ́?”

Apoògùn gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

“Bó ṣe já wálẹ̀ níbí náà ló ṣe já wálẹ̀ lọ́hùn-ún,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Mo fi èsì ti ọdún yìí wé ti ìjọ́sí, àdúgbò sí àdúgbò. Àwọn tó gbọ́ kọ̀ yín. Àwọn tí kò gbọ́ náà kọ̀ yín.”

“Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀ ni, tí kò fi lè gun òkè? Fóònù ńkọ́?”

“Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni èmi àtàwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi lọ láti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn òkè. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ nǹkan kan títí ìdìbò fi parí. Orin àwọn alátakò ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ẹ sì ti fìdí rẹmi nígbà yẹn.”

“Kí ló wá fà á?”

“N kò mọ̀.”

“Háà! Kílófàá ni kò mọ ohun tó fà á?”

“Mo mọ ohun tí kò fà á. Ó lè jẹ́ pé ojú tuntun ni ará ìlú ń fẹ́. Ó lè jẹ́ afárá tí ẹ ṣèlérí tẹ́ ẹ ò ṣe. N kò tíì rí ẹ̀rí èyíkéyìí nínú wọn, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kì í ṣe ìyàwó yín.”

Oníbàárà kan wọlé, ikọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Apoògùn ṣàlàyé bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀, ó tún ṣàlàyé rẹ̀, títí oníbàárà náà fi ní òun ti gbọ́. Nígbà tó jáde, apoògùn nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù funfun tó wọ̀. “Máa lọ sílé búrẹ́dì,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀. “Kọ́kọ́ sọ fún un. Màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá tẹ̀ lé ọ.”

Kílófàá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lọ. Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun gbé lọ́wọ́.

Ìyàwó apoògùn ń po ìyẹ̀fun nígbà tó dé, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. “Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ má fara kàn mí o, ìyẹ̀fun ni mí látòkè délẹ̀.”

Kílófàá rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin: rédíò, òkè, ìbò ìhín, ìbò ọ̀hún. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ obìnrin náà ń falẹ̀ nínú ìyẹ̀fun.

“Ẹ ní ọ̀rọ̀ mi ò yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà?”

“Kò sí ẹ̀rí pé ó yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Ẹ ti bọ́, ìyàwó wa!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ lè pè mí ní wèrè. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kó fìdí rẹmi lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ní èmi ni mo fà á, mo sunkún. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún yẹn náà, mo ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mi tiẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nílé, mo ti wí títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò gbọ́. Ẹ̀yin náà wá ń sọ fún mi pé ìlú ò gbọ́.”

Kílófàá rọra gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá ti rí i pé nǹkan kan kọ́ ló fa ọ̀rọ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á kọjá sí òmíràn. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ohun tí wọ́n pa rẹ́ lè jẹ́ èèyàn, kó sì dùn ún.

Apoògùn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀. “Àbúrò mi ti là á yé mi,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ rẹ kọ́ ló bà á jẹ́. Mo ti gbà. Kó ẹrù rẹ, ká máa lọ sílé.”

Ìyàwó rẹ̀ ń gé ìyẹ̀fun pípò náà sínú àwọn agolo, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ká ní ìwádìí sọ pé èmi ni mo fà á ńkọ́? Ṣé ẹ̀ bá wá?”

Apoògùn wo àbúrò rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń wá ìdáhùn lójú ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kílófàá wolẹ̀. Iná ń ta pàràpàrà nínú ààrò. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ìbò rí ń pọ́n ètè lá.

“N kò mọ̀,” ló wí níkẹyìn. “Orí mi gbóná. Ó lè jẹ́ pé n kì bá tí wá.”

Ọbẹ dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó wo ọkọ rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó wọlé.

“Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀,” ló wí. “Eléyìí, èmi lẹ sọ ọ́ fún.” Ó ti agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. “N kò ní bá yín lọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ jókòó.”

Kò sí àga níbẹ̀. Apoògùn wò yíká, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

Kílófàá mú àpò rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kó tó pa ilẹ̀kùn dé, ó gbọ́ ohùn bọ̀ọ̀dá rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ: “Lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì ìbò yẹn, ìwọ ni ojú kọ́kọ́ tì mí láti rí…”

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì yára ẹsẹ̀ kó má bàa gbọ́ ìyókù.