Ọjọ́ Tí Àrá Sán Lórí Àpáta

Ìdajì kòkó náà ṣì wà lórí àpáta tí wọ́n sá a sí nígbà tí ojú ọ̀run ṣú dùdù. Hàfsátù ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a jọ, ó ń dà á sínú àpò. Nísàlẹ̀, Ọ̀ṣúndé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi ọ̀rá bo àwọn àpò tó ti kún. Ọkọ Hàfsátù, Búrẹ́mọ̀, wà níbi tí àpáta ti ga jù, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá kòkó bọ̀.

"Bàbá Muslimah, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ jẹ́ kí òjò máa gbé ìyókù lọ!" Hàfsátù ló ké sí i.

"Díẹ̀ ló kù." Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi Muslimah ọmọ wọn sílẹ̀ fún ìyá àgbà ní Ṣakí, tí wọ́n wá ń bá Adégòkè ọ̀gá wọn tọ́jú oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Odode, kòkó ò tíì so tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n òjò ìparí ọdún ní Ìdànrè kì í wo ti ẹnikẹ́ni. Bí àrá bá sán láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, òkè kan á gbà á, á jù ú fún èkejì, títí èèyàn ò fi ní mọ ibi tó ti wá.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí kò fara sin. Gbogbo ayé funfun báláú. Kì í ṣe etí ni Hàfsátù fi gbọ́ ariwo tó tẹ̀ lé e, àyà ló fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, òórùn irun tó jóná ti gba afẹ́fẹ́, Búrẹ́mọ̀ sì ti dojú bolẹ̀, kò mira.

Òjò ya lulẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí àpáta, ó ń kó kòkó lọ. Inú kòtò kékeré kan ni ojú Búrẹ́mọ̀ wà, omi sì ń kún inú rẹ̀.

Hàfsátù ti gbéra.

"Ìyá Muslimah! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọ̀ṣúndé ló kígbe bẹ́ẹ̀, Ọ̀ṣúndé tó ń bá Búrẹ́mọ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà láràárọ̀. "Ẹni tí Ṣàngó bá bá jà, ọwọ́ lásán kì í kàn án! Ẹ jẹ́ kí n lọ pe àwọn àgbà! Kì í jà láìnídìí, ẹ̀yin náà mọ̀!"

Ẹsẹ̀ Hàfsátù dúró.

Mùsùlùmí ni. Ó mọ ẹni tó ni àrá. Ṣùgbọ́n Ṣakí ló ti dàgbà, ó sì ti gbọ́ ọ láti kékeré pé olè ni àrá ń bá wí. Àpò kòkó Adégòkè kan sọnù lóṣù tó kọjá, wọn ò rí ẹni tó gbé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Búrẹ́mọ̀ mú fóònù tuntun wálé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, Hàfsátù ò sì bi í síwájú sí i. Àbí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ?

Ó dúró sínú òjò, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò.

Ọwọ́ Búrẹ́mọ̀ kan gbéra díẹ̀. Ó ń wá nǹkan dì mú lórí àpáta tó ń yọ̀, kò rí.

Igbe ta lẹ́nu Hàfsátù. Ó sáré, ó yọ̀, ó ṣubú, ó fi eékún wọ́ dé ibẹ̀. Ó gbá ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ó yí i padà. Omi tú jáde lẹ́nu àti nímú rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ọ̀ṣúndé, ẹ wá bá mi gbé e!"

Ọ̀ṣúndé káwọ́ lérí. "Mo lọ́mọ nílé," ló ń wí ṣáá. "Mo lọ́mọ nílé."

Hàfsátù ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọkọ rẹ̀, òun nìkan ló wọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ Búrẹ́mọ̀ méjèèjì ń wọ́ tẹ̀ lé e bí igi. Nígbà tí òjò dá, ó sọ fún ọlọ́kadà tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn pé orí igi ni ọkọ òun ti já bọ́.

Ohun kan náà ló sọ fún Blessing, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n. Ìyẹn ṣí aṣọ Búrẹ́mọ̀. Àmì pupa kan yà káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ̀ka igi.

"Mànàmáná nìyí, màmá, kì í ṣe igi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ má bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ náà á padà sípò, a ó ṣáà máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Ibi tó ga, tó sì ṣí sílẹ̀, ni mànàmáná máa ń wá. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀ṣúndé dé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé Ṣàngó bá a jà. Ọ̀gá ní kí n bi yín nípa àpò kòkó yẹn."

Hàfsátù fò dìde. "Ẹ lọ sọ fún un pé ọkọ mi kì í ṣe olè! Ẹ ò tijú? Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fi olè pè é?"

Àwọn aláìsàn yíjú sí i. Òun náà gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀ṣúndé wolẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó jókòó padà, ojú Búrẹ́mọ̀ ti là.

"Mo gbọ́," ó ní. "O ṣeun."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́ yín lórí àpáta náà. Ara mi ló kú, etí mi ò kú. Omi ń wọ imú mi. Ọ̀ṣúndé ní kí o má fọwọ́ kàn mí, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ó ń bọ̀. Ìyá Muslimah ń bọ̀."

Hàfsátù ò lè wo ojú rẹ̀. "Àpáta ń yọ̀ ni," ó ní.

Búrẹ́mọ̀ na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó ń yọ̀."

Ó di ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ Hàfsátù sílẹ̀. Ó wá yé obìnrin náà pé òun kò ní lè bi í nípa fóònù yẹn mọ́ láéláé, àti pé ọkọ òun náà kò ní béèrè ohun tó dá ẹsẹ̀ òun dúró lórí àpáta.