Téèpù Ọrùn Ìyá Aránṣọ

"Màámi, ta ni bàbá yẹn?"

Ara ògiri ni ohùn náà ti wá. Ìyá Aránṣọ fò sẹ́yìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. Bàbá Alágogo gbójú sókè, ó wo àjà, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sì rí ẹnì kankan. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà nínú yàrá náà, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti tábìlì ìgéṣọ, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Mo ní ta ni yẹn, Màámi? Kí ni ẹ̀ ń ṣe?"

Ohùn Dáódù ni, àkọ́bí Ìyá Aránṣọ. Láti inú kámẹ́rà kékeré kan ló ti ń sọ̀rọ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́ sára ògiri lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ó ní kí ojú àwọn ọmọ lè máa tó o ni. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbé, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń wo ìyá wọn.

Bàbá Alágogo rọra bọ́ ẹ̀wù tuntun tí ó ń dán wò, nítorí pé píìnì ìránṣọ ṣì wà lára rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ ti ara rẹ̀, ó sì mú fìlà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá Aránṣọ," ni ó wí. "N kò mọ̀ pé a pọ̀ tó báyìí nínú yàrá."

Ó jáde. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí kò tíì padà wá.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Ìyá Aránṣọ. Ó ti tó ọdún méjìdínláàádọ́ta tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́sàn-án sì nìyí tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà náà kọ́, bí ó bá ti jí, a kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ògiri." Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin a rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn, a ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìgbà tó yá, ògiri ya odi. Ìyá kò dẹ́kun àtikí i. Èèyàn a kúkú kí ohun kan nínú ilé. Nígbà òtútù, ó wú ikọ́ fún ọjọ́ méje gbáko níwájú ojú kékeré náà, ẹnikẹ́ni kò pè. Ṣùgbọ́n ìdìmọ́ra kan ṣoṣo, tí kò gùn ju àkókò tí èèyàn fi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ, ògiri lanu.

Àwọn aládùúgbò ló sọ arúgbó náà ní Bàbá Alágogo, nítorí pé aago ọwọ́ ni ó ń tún ṣe ní ìkòríta. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Oṣù kẹjọ nìyí tí ó kọ́kọ́ wá rán ẹ̀wù. Ìyá wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ tún mi wọ̀n o. Ó dà bí ẹni pé mo ti rù."

Ìyá wọ̀n ọ́n. Ogójì ni àyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ogójì náà ni.

"Ẹ kò rù, ẹ kò sì sanra," ni ó sọ fún un. "Bí ẹ ti wà náà ni ẹ wà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti wò mí dé ibẹ̀."

Láti ìgbà náà, wíwọ̀n di àṣà wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ògiri sọ̀rọ̀, téèpù kò kúrò lọ́rùn Ìyá Aránṣọ rárá. Ó kàn gbé orí lé àyà ọkùnrin náà ni, ó sì fetí sílẹ̀.

"Ọkàn yín ń lù bí aago," ni ó wí.

"Òun nìkan ṣoṣo ni n kò lè tú wò."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí ni Dáódù ti bá wọn.

Lọ́jọ́ kẹta náà, fóònù dún. Dáódù ni.

"Màámi, àṣìṣe ni mo ṣe o. Mo fẹ́ fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí Àbíkẹ́yìn ni, kí a jọ gbìmọ̀. Gúrúùpù ẹbí ni mo fi sí."

"Mo ti rí i," ni ìyá dáhùn.

Àní ó ti rí i. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan fi àmì ẹ̀rín sí i, àwọn kan fi orin sí i lábẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ṣé ìgbà tí irun funfun tán ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ là?" Ẹnì kan tilẹ̀ ti fi í ránṣẹ́ síta, nítorí pé oníbàárà kan tí ó wá gba aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣẹ́jú sí i, ó ní, "Ìyá, a rí yín o! Ẹ ṣì wà lọ́mọge!"

"Ṣùgbọ́n mo ti bá yín tún un ṣe," ni Dáódù wí. "Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ni. Aránṣọ ni yín. Kò sí bí ẹ ṣe lè wọn èèyàn láìfọwọ́ kàn án. Ohùn yín nìkan ló kù. Ẹ bá mi sọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

"Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ̀yin àgbà! Ọjọ́ orí yín ńkọ́?"

"Mo mọ ọjọ́ orí mi. Èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ ni o bí mi."

"Kí ni ẹ tún fẹ́ fi ọkùnrin ṣe báyìí?"

"Ohun tí ìwọ fi ìyàwó ṣe."

"Màámi! Ẹ jọ̀ọ́." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ni. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí tiwa."

Kò pẹ́ sí i ni Àbíkẹ́yìn náà pè. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni ọmọ yìí dàgbà sí. Òun ló máa ń ṣa píìnì nílẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ìwé kà.

"Màámi, mo wo fídíò náà. Téèpù wà lọ́rùn yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò rí i. Ọkùnrin ni, kí ló mọ̀ nípa ìránṣọ? Ẹ sọ ohun tó ní kí ẹ sọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ mọ̀."

"Mi ò ní sọ." Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó ń ṣe dáadáa sí yín?"

"Ó ń béèrè bí mo ṣe sùn."

Ọmọ náà ní òun yóò tún pè.

Ìyá Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ káàsán o, gbogbo ẹbí. Mò ń wọn oníbàárà mi ni." Ó gbọ́ ọ padà. Ohùn náà já gaara, kò sì gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dà bí ohùn obìnrin kan tí kò tíì pàdé Bàbá Alágogo rí. Èèyàn laṣọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyá ronú sí bàbá arúgbó náà tí ó ń bọ́ ẹ̀wù tó ní píìnì lára níwájú ògiri. Ó pa ohun tí ó sọ rẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni. Dáódù ní kí n sọ pé mò ń wọn Bàbá Alágogo ni. Ẹ padà wo fídíò yín, kí ẹ wo ọrùn mi dáadáa. Ọrùn ni téèpù wà. Ọwọ́ ni téèpù aránṣọ máa ń wà bí ó bá ń wọn èèyàn. N kò wọ̀n ọ́n. Mo dì mọ́ ọn. Ó sì dùn mọ́ mi. Ó tán."

Ó fi í ránṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó yí èrò padà.

Ó dúró. Àmì hàn lójú fóònù pé wọ́n ti ń gbọ́ ọ: márùn-ún, mọ́kànlá, ogún. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rín sí i, ẹnikẹ́ni kò bú u. Orúkọ Àbíkẹ́yìn hàn pé ó ń kọ nǹkan. Nígbà tí ó ṣe, ó pòórá. Ìdákẹ́jẹ́ gúrúùpù náà wá dàbí ti yàrá rẹ̀ gan-an.

Ìyá Aránṣọ yọ píìnì kúrò lára ẹ̀wù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rán apá mọ́ ọn, ó gán bọ́tìnì márààrún, ó lọ̀ ọ́, ó sì ká a bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tó wà lábẹ́ kámẹ́rà.

"Mò ń jáde," ni ó wí fún ògiri. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ní ìkòríta, Bàbá Alágogo tẹrí ba lórí aago kan tí ó ti tú ká, awò kékeré dúdú wà ní ojú rẹ̀ kan. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Bàbá Alágogo."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìyá Aránṣọ." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ara òpó iná. "Ṣé àwa méjì péré ni?"

"Rárá o. Títì la wà. Gbogbo ayé ló ń wò wá."

Ìyá gbé ẹ̀wù náà ka iwájú rẹ̀. "Mo wá wọ̀n yín."

"Ṣé ìwé yín ti sọnù ni?"

"Ìwé wà nílé," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Téèpù náà wà nílé."

Bàbá Alágogo yọ awò kúrò lójú, ó sì sún lórí àga gbọọrọ tí ó jókòó lé, kí àyè lè gba ẹni kejì.